Kàlẹ́ńdà Tí Kò Lóṣù

Ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ibi Ìsinmi, ní Ladi-Lak, Bàríga, tí ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n ń wàásù nípa ìṣọ̀kan, ẹ tètè wá ibi tí ẹ máa gbà jáde. Ìjà ti délẹ̀ nìyẹn. Adégbénró mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Kò tíì ju ọmọ tó ń di ìró ìyá rẹ̀ mú lọ nígbà tí ìjọ náà kọ́kọ́ pín sí méjì, lórí pé ṣé kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí orin ni àbí kí wọ́n má pàtẹ́wọ́. Àwọn apàtẹ́wọ́ kó lọ sí Palmgrove, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ lọ́hùn-ún títí dòní débi pé ẹyẹ kan kì í bà sórí òrùlé wọn. Nígbà tó di géńdé, ìjọ tún pín, lórí ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun ògiri. Àwọn tó fẹ́ ọ̀dà búlúù binú kó ẹrù wọn, Dọlápọ̀ ẹ̀gbọ́n Adégbénró sì bá wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, tí Dọlápọ̀ bá pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà, bí èèyàn ṣe ń kí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ báńkì ló ń kí i. Á mi orí díẹ̀, á sì kọjá.

Torí náà, nígbà tí Pásítọ̀ Òkìkíọlá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí irun orí ẹ̀ ṣì pé, dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, tó kéde pé ọ̀rọ̀ tí ìjọ máa dì mú lọ́dún tó ń bọ̀ ni "Ìṣọ̀kan", àti pé wọ́n máa tẹ kàlẹ́ńdà kan tí àwòrán gbogbo aṣáájú ìjọ máa pé sí lójú kan bí ọmọ ìyá, àyà Adégbénró já. Ó wo ọ̀tún, ìyàwó ẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Ó wo òsì, ìyá ẹ̀ ló jókòó síbẹ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Moyọ̀sọ́lá ìyàwó ẹ̀ ni àkọ́bí Diákónì Bámilóyè, olórí gbogbo diákónì. Ìyá ẹ̀ ní tiẹ̀, ọmọ ìlú kan náà lòun àti Diákónì Adéníran, alága ẹgbẹ́ ọkùnrin. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti jọ wá sí Bàríga, àti pé tí Diákónì Adéníran bá sín nílé ẹ̀, ìyá Adégbénró á ti wí pé "pẹ̀lẹ́ o" láti inú ilé ìdáná tirẹ̀. Àwọn diákónì méjèèjì yìí kò sì lè fojú kan ara wọn. Ìpínyà àkọ́kọ́ gba àárín ìjọ kọjá. Èkejì gba àárín Adégbénró àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Tí òmíràn bá tún wáyé, àárín ilé ẹ̀ ló máa gbà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá, ọmọ, ìyàwó, máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Sọ́ńdè. Kò bẹ̀ ẹ́ fún mọ́tò.

"Ta ló máa bá wa tẹ kàlẹ́ńdà náà?" ni ẹnì kan bi láti ẹ̀yìn.

Gbogbo ìjọ yíjú sí Adégbénró.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ẹ̀ wà ní Ṣómólú, ní àdúgbò kan tó jẹ́ pé tí ẹ bá ju òkúta sókè, tí kò bá bọ́ lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, orí ẹni tó ń gé pépà ló máa bọ́ lé. Àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ ewé mọ́. Etí pépà tí wọ́n gé dànù ni wọ́n ń jẹ, àwọn kan nínú wọn sì ti ń ya ìgbẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin. Òun àti Ràmọ́nù, tó ń bá a wa ẹ̀rọ, ni wọ́n wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Ràmọ́nù, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ẹ̀rọ nìkan ló ń pariwo jù ú lọ.

Kàlẹ́ńdà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò dára lójú Adégbénró. Pásítọ̀ àti ìyàwó ẹ̀ wà láàárín. Diákónì méjèèjì wà lábẹ́ wọn, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Oṣù méjèèjìlá tò sí ìsàlẹ̀. Ó ti fi rúlà wọn àwòrán àwọn bàbá náà títí ojú fi ń dùn ún, kò sí èyí tó fi bí irun ju èkejì lọ. Ó fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Diákónì Bámilóyè fi wọ ṣọ́ọ̀bù, téèpù kápẹ́ńtà lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì," Adégbénró dọ̀bálẹ̀ sórí pépà.

"Má tíì kí mi. Kí lèyí?"

"Àwòrán yín ni, sà."

"Mo mọ ojú ara mi, Adégbénró. Nǹkan dúdú tó ń yọ́ wọnú àwòrán mi yìí ni mò ń bi ẹ́."

Adégbénró tẹjú mọ́ ọn. Etí fìlà Diákónì Adéníran ni. Abetí-ajá ni bàbá náà dé lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, etí fìlà kan sì yọ kọjá ààlà, kò ju ẹsẹ̀ eèrà lọ.

"Etí fìlà ni, sà."

"Etí fìlà! Ó ti wọ ilẹ̀ mi! Ẹni tó fi etí wọlé ní January, ibo ló máa fi wọlé tó bá fi máa di June? Ní Èkó tí a wà yìí, tí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn?"

Ràmọ́nù bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. "Ọ̀gá, ẹ bá bàbá mọ fẹ́ǹsì sí i."

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ràmọ́nù ni. Mùsùlùmí ni."

Diákónì Bámilóyè ronú sí i. "Kò burú. Fẹ́ǹsì náà dáa. Kó ga o."

Bí wọ́n ṣe fa ilà dúdú kan sí àárín àwọn méjèèjì nìyẹn, tí ilà náà sì gé etí fìlà dànù. Diákónì Adéníran kò bínú wá ní tiẹ̀. Pẹ̀lú omijé ló fi wá, èyí tó burú ju ìbínú lọ.

"Gbénró ọmọ mi, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, bàbá."

"Kí ló dé tí o fi gé mi létí? Ìyá ẹ mọ̀ pé o gé mi létí?"

"Bàbá, fìlà ni. Etí yín wà níbẹ̀ digbí."

"Fìlà tí mo dé lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí jẹ diákónì! Ṣé àgbò Iléyá ni mí, tí ẹ fi ń gé mi létí?"

"Ẹ dákun, bàbá," Ràmọ́nù tún gbà á lẹ́nu ẹ̀, "a kì í gé àgbò Iléyá létí o. Èyí tí etí ẹ̀ bá ti gé, kò ṣeé fi ṣọdún mọ́, ó ti lálèébù."

Diákónì Adéníran yíjú padà sí Adégbénró. "O ti gbọ́. Àwọn Mùsùlùmí gan-an kò lè lò mí mọ́."

Àtọjọ́ náà ni ilé Adégbénró ti yí padà. Tó bá dé láti ibi iṣẹ́, ìyá ẹ̀ á ti pè é sí yàrá tiẹ̀: "Gbénró, ṣé torí obìnrin lo ṣe gé àgbàlagbà létí?" Tó bá jáde níbẹ̀, Moyọ̀sọ́lá á ti ká ọwọ́ sáyà: "Bàbá Tófúnmi, dádì mi ní àwọn èèyàn kan ti bẹ̀ yín pé kí ẹ wó fẹ́ǹsì. Ẹ wó o. Ẹ ṣáà wó o, kí ẹ wá wo nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀." Kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Adégbénró á jókòó sí àárín ilé, á máa bá Tófúnmi ọmọ ẹ̀ wo bọ́ọ̀lù tí kò mọ ẹni tó ń gbá a.

Pásítọ̀ Òkìkíọlá pe gbogbo ìjọ jọ. Ó wàásù fún wọn títí aago ara ògiri fi kú. Ó ní àgbàlagbà tó bá ṣì ń mu wàrà ọmọ ọwọ́ nínú ìgbàgbọ́, kó tiju, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tó le. Ó ní ìdàgbà nípa ti ẹ̀mí ló lè gbà wá. "Àmín!" ni gbogbo ìjọ dáhùn, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Wọ́n gbà á tọkàntọkàn. Ìṣòro tó kàn wà níbẹ̀ ni pé olúkúlùkù ti dàgbà tán ní tiẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló kù. Bí Pásítọ̀ ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ wàrà, ńṣe ni ìhà Diákónì Bámilóyè ń wo ìhà Diákónì Adéníran pẹ̀lú àánú, tí ìhà Diákónì Adéníran sì ń mi orí sí wọn bí ẹni tó fẹ́ bá wọn wá fídà ọmọ ọwọ́.

Wọ́n yan Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan láti parí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ mítípáì, wọ́n sì mú àbọ̀ wá: kí wọ́n wó fẹ́ǹsì, kí wọ́n dá etí padà, kí wọ́n sì fi àwòrán àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan kún un, torí àwọn ló ṣiṣẹ́ jù.

Ẹgbẹ́ akọrin gbọ́, wọ́n ní ṣé àwọn kì í ṣe èèyàn ni. Àwọn tó ń darí èrò gbọ́, wọ́n ní kò sí ẹni tó máa rí àga jókòó ní Sọ́ńdè tí àwọn kò bá sí lórí kàlẹ́ńdà. Ẹgbẹ́ obìnrin mú àwòrán wá nínú báàgì ìrẹsì. Lójoojúmọ́ ni èèyàn ń wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fọ́tò, títí tí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ràmọ́nù bóyá wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀. Adégbénró ń dín àwòrán kù, ó ń fún wọn pọ̀. Pásítọ̀ tó gba ìdajì pépà tẹ́lẹ̀ kò ju ọmọ ẹ̀wà lọ mọ́. Ìyàwó Pásítọ̀ di ọmọ gúgúrú. Àwọn orí tò wálẹ̀ wálẹ̀, wọ́n kọjá àárín, wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn oṣù.

"Ọ̀gá," Ràmọ́nù pè é, ó di pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé mú níwájú iná, "ẹ wá wo nǹkan. October ti ṣubú."

"Ṣé kò sí bí a ṣe lè fún un mọ́ inú November?"

"Àwọn tó ń darí èrò ló wà nínú November."

Adégbénró gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìpàdé ìjọ. Ó ṣàlàyé. Ó fi pépà hàn wọ́n. Ó ní ẹ̀yin ará, bóyá àwọn kan lè fi ti Olúwa yọ orí wọn kúrò, kí àwọn oṣù lè ráyè. Kò sí orí tó mira. Lẹ́yìn náà ni Diákónì Bámilóyè dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ta ló tún ń wo ọjọ́ lára kàlẹ́ńdà láyé òde òní? Ṣebí ọjọ́ wà lórí fóònù gbogbo wa."

Diákónì Adéníran náà dìde. Gbogbo èèyàn di ara mú. "Mi ò gbà pẹ̀lú Diákónì Bámilóyè rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìjọ yìí," ó ní, "àmọ́ mo gbà pẹ̀lú wọn lónìí. Kí wọ́n yọ àwọn oṣù."

Haa! Ẹ ò rí bí ilé ṣe mì. Wọ́n dìbò, gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Àwọn tó ti gbàgbé orúkọ ara wọn ń dì mọ́ra. Pásítọ̀ Òkìkíọlá ń sunkún, ó ń pè é ní ìsọjí. Moyọ̀sọ́lá na ọwọ́ kọjá lórí àyè tí Adégbénró dìde kúrò, ó di ọwọ́ ìyá ọkọ ẹ̀ mú, ìyá náà sì di tiẹ̀ mú. Adégbénró ṣì dúró níwájú, pépà lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará," ó ní, "tí kò bá ti sí oṣù níbẹ̀, kí la máa wá pè é?"

"Bùràdá Adégbénró," Pásítọ̀ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lé e léjìká, "ẹ má jẹ́ kí Sátánì lò yín."

Ó wo ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ nínú ọwọ́ ìyá ẹ̀. Ó lọ tẹ̀ ẹ́.

Ní Sọ́ńdè tí wọ́n ṣí kàlẹ́ńdà náà, wọ́n ta aṣọ funfun bò ó lára ògiri, wọ́n sì fa aṣọ náà kúrò pẹ̀lú orin. Orí ni látòkè délẹ̀. Orí, orí, orí, bíi ti àwọn tó ń wo ìjà láti ojú fèrèsé. Ìyá arúgbó kan nínú ẹgbẹ́ akọrin súnmọ́ ọn, ó wá ojú ara ẹ̀ rí, inú ẹ̀ dùn, ó wá yíjú padà.

"Ó dáa gan-an. Ẹ wá fi ibi tí ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí hàn mí."

Ohùn kan wá yọ láti ìhà ọ̀tún pé àwọn èèyàn Adéníran ló kó orí wá jù, wọ́n ti fi orí jẹ oṣù tán. Ìhà òsì ní tí kì í bá ṣe fẹ́ǹsì ẹnì kan báyìí ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibẹ̀. Orin ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kó tó parí, wọ́n ti fa kàlẹ́ńdà náà ya, ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé Adégbénró kò mọ iṣẹ́.

Bí ìjọ ṣe tún pín nìyẹn. Ọwọ́ Diákónì Bámilóyè ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà, torí náà àwọn tiẹ̀ ló dúró ní Ladi-Lak. Diákónì Adéníran kó àwọn tiẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Pedro, níbi tí àgbà ọkùnrin ti ń jókòó sórí àga ọmọdé, tí orúnkún ẹ̀ ń kan àgbọ̀n. Pásítọ̀ Òkìkíọlá kò mọ ẹni tó máa bá lọ. Ó ń wàásù ní Ladi-Lak láàárọ̀, á gun ọ̀kadà, á tún lọ wàásù ní Pedro. Ìwàásù kan náà ni. Ìṣọ̀kan ni.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Adégbénró pẹ́ nínú balùwẹ̀ títí omi fi tán. Ó ń retí pé kí àwọn obìnrin méjèèjì ti lọ. Nígbà tó jáde, àwọn méjèèjì ti múra, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, báàgì lápá.

"Gbénró, múra kíá. Pedro jìnnà síbí."

"Màámi, Bàbá Tófúnmi kò lọ sí Pedro. Ladi-Lak là ń lọ."

"Ìyàwó mi, mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí mo bí ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ọmọ tí ẹ bí ni mo fẹ́, mà. Ẹ ti bá wa bí i, ẹ ṣeun."

"Gbọ́ nǹkan tó ń sọ sí mi, Gbénró. O ò lẹ́nu ni?"

"Bàbá Tófúnmi, ẹ sọ̀rọ̀!"

Adégbénró la ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan tó máa tu àwọn méjèèjì lára. Kò rí i. Ó wá ti ọkùnrin tó ń pàṣẹ nínú ilé ẹ̀, ìyẹn náà kò sí níbẹ̀. Nǹkan tó jáde ni, "Inú ń run mí."

Báàgì méjèèjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ẹ̀ gbé ọwọ́ lé e níkùn, Moyọ̀sọ́lá gbé tiẹ̀ lé ọwọ́ ìyá náà, wọ́n sì gbàdúrà débi pé alágbàtà tó wà nísàlẹ̀ ilé dáhùn "Àmín." Ìyá ẹ̀ po èkọ gbígbóná, Moyọ̀sọ́lá ń fi ṣíbí bù ú fún un. Kò sí ẹni tó lọ sí Pedro, kò sí ẹni tó lọ sí Ladi-Lak. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà títí di ọ̀sán, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Tófúnmi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Adégbénró yí ojú sí ògiri kí wọ́n má baà rí omijé ẹ̀.

Kí ni kó wá ṣe? Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, inú tún run ún. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà.

"Ọ̀gá mi," Ràmọ́nù bi í ní ṣọ́ọ̀bù, "inú tí kì í run èèyàn láti Monday títí dé Saturday, irú inú wo nìyẹn?"

"Onígbàgbọ́ ni inú náà, Ràmọ́nù. Fi mí sílẹ̀."

Ṣùgbọ́n ta ló lè fi àìsàn pa mọ́ fún ìjọ? Ọ̀rọ̀ dé Ladi-Lak, ó dé Pedro. Ní Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, Adégbénró wà lábẹ́ aṣọ tó fi bora, abọ́ èkọ àti mọ́ínmọ́ín kan ń retí ẹ̀ lórí àga, ló bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Diákónì Bámilóyè ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ìgò òróró àti àwọn èèyàn ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kò tíì padé tí Diákónì Adéníran fi wọlé pẹ̀lú tiẹ̀, abetí-ajá lórí. Àwọn bàbá náà kò kí ara wọn. Diákónì Bámilóyè lọ dúró síbi orí aláìsàn. Diákónì Adéníran náà gba ibẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Diákónì, inú ló ń run ún," Bámilóyè sọ, kò wò ó. "Kí lẹ̀ ń wá níbi orí?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ìrísí irun ẹ̀ lẹ fẹ́ yẹ̀ wò?"

Bí wọ́n ṣe jọ kó lọ síbi ikùn nìyẹn. Diákónì Bámilóyè gbàdúrà títí mọ́ínmọ́ín fi tutù. Bó ṣe ní "Àmín," Diákónì Adéníran ní òun kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó gbàdúrà títí èkọ fi dì. Òróró ti kún ìdodo Adégbénró, ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń rìn ín níkẹ̀ẹ́kẹ́. Kò lè rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí sókè, ó pinnu pé òun máa dìde, kóun sọ pé ara ti yá, kí gbogbo èèyàn lọ sílé wọn.

"Ó ti fi ẹ́ sílẹ̀, àbí?" Diákónì Adéníran bi í. "Àdúrà tèmi ló kẹ́yìn."

"Sọ òtítọ́, Adégbénró," Diákónì Bámilóyè tẹ̀ síwájú. "Ìgbà wo gan-an ló fi ẹ́ sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe kí àwọn wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀? Ìjọ ní láti gbọ́ ẹ̀rí yìí ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀."

"Ìjọ wo?" ni ìyá Adégbénró bi.

"Ìjọ wo kẹ̀, Màámi?" ni Moyọ̀sọ́lá náà bi.

Adégbénró wo ojú ìyá ẹ̀, ó wo ti ìyàwó ẹ̀. Ó rí i kedere: tí ara òun bá yá, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló máa ti yá, ibẹ̀ ló sì máa lọ dúró láti jẹ́rìí. Ó rọra padà sùn.

"Kò tíì lọ," ó ní. "Ó tiẹ̀ tún ń le sí i."

Ìyá ẹ̀ ké, ó jókòó tì í ní ẹ̀gbẹ́ kan. Moyọ̀sọ́lá jókòó tì í ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn diákónì wo ara wọn lójú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí kàlẹ́ńdà ti ya.

"Ọ̀rọ̀ yìí gba ààwẹ̀," Diákónì Bámilóyè sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ààwẹ̀ gidi," Diákónì Adéníran gbà. "Aláìsàn fúnra ẹ̀ ló sì máa gbà á."

"Títí inú náà fi máa jọ̀wọ́ ẹ̀."

"Àmín!" Ọ̀tún àti òsì ló jọ dáhùn.

Moyọ̀sọ́lá gbé èkọ kúrò lórí àga. Ìyá ẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí wọ́n jọ dé ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà ò gba àwọn méjèèjì pọ̀, ìyàwó sún sẹ́yìn fún ìyá ọkọ ẹ̀, ìyá ọkọ ní rárá, ìwọ ni kó kọ́kọ́ kọjá, ọmọ mi. Adégbénró ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ náà lọ. Kò tíì jẹun láti àárọ̀. Lábẹ́ òróró, inú ẹ̀ lọ́ po, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní tòótọ́.